Ṣẹ́ẹ̀tì máákà àti ìda oníye 17 fún àpá ojú igi: ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ ra ṣẹ́lákì kún un

Ṣẹ́ẹ̀tì yìí kò ní bàbá kan. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe é, orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti ọwọ́ òǹtajà kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà yí padà: máákà mẹ́jọ, ọ̀pá ìda mẹ́jọ, àti ṣápínà kékeré kan tí a fi ń gbẹ́ ẹnu ìda. Ìdí nìyẹn tí "17" fi máa ń wà nínú orúkọ tí wọ́n fi ń tà á lórí Amazon, lórí Jumia àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ káfíńtà. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Àwòrán ara páálí a máa fi hàn pé ẹ ó fa máákà kọjá lórí àpá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpá á sì pòórá.

Àpá kì í pòórá bẹ́ẹ̀, pàápàá lójú igi àtijọ́.

A ò ní kí ẹ má rà á. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọ̀ àti ìda nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò ní ohun tó ń dán. Bí ojú àga tàbí tábìlì àtijọ́ bá bàjẹ́, nǹkan mẹ́ta ló ṣeé ṣe kó ti sọnù níbẹ̀: àwọ̀ igi, ara igi fúnra rẹ̀, àti pólíìṣì tó bò ó. Máákà ń dá àwọ̀ padà. Ìda ń dí ibi tí ara igi ti ṣí kúrò. Pólíìṣì kò sí nínú páálí náà rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni ojú ènìyàn kọ́kọ́ ń rí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí tábìlì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ lè rí àwọ̀ tó bá igi mu rẹ́gí, kí ibẹ̀ sì tún kú bí ẹni pé wọ́n fi èédú fa ìlà kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ṣẹ́ẹ̀tì yìí fún igi àtijọ́ níláti ra ṣẹ́lákì díẹ̀ kún un, ìyẹn pólíìṣì tí a ń fi sípírítì tú. Bí owó kò bá ká méjèèjì, ṣẹ́lákì ni kó kọ́kọ́ rà.

Ẹ mọ ohun tó wà lójú igi ná

Pólíìṣì tó ti wà lójú igi tẹ́lẹ̀ ló máa sọ bí máákà yóò ṣe ṣe. Ẹ yan ibi tí ojú kì í tó, bí abẹ́ etí tábìlì tàbí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àga. Ẹ fi àkísà tí ẹ rì sínú omi ọṣẹ díẹ̀, tí ẹ sì fún dáadáa, nu ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tọpentáìnì nù ún kí ìda àti òróró tí wọ́n ti ń fi pa á láti ọjọ́ pípẹ́ lè kúrò. Kẹrosíìnì kọ́ o. Kẹrosíìnì máa ń fi òróró sílẹ̀ lẹ́yìn, ohunkóhun tí ẹ bá sì kùn lé òróró yẹn kò ní lẹ̀.

Tí ibẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ kán sípírítì ẹyọ kan sí i, ẹ dúró fún ìwọ̀n ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi ìka kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka, ṣẹ́lákì ni wọ́n fi kùn ún. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ kán tínà tí àwọn afọ́nlákà ń lò sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Bó bá rọ̀, lákà ni. Bí sípírítì àti tínà kò bá ràn án, fánìṣì tàbí polyurethane (irú fánìṣì oníke tó le) ló wà lójú igi náà.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé inki inú ọ̀pọ̀ máákà wọ̀nyí, inú ọtí ni wọ́n ti pò ó. Tí ẹ bá fà á lórí ṣẹ́lákì, ọtí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣẹ́lákì tó wà nílẹ̀, bí ẹ sì ti ń tún ibẹ̀ fà lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ ó máa họ ojú igi kúrò. Ibi tó ha díẹ̀ á di ibi tó bó. Lórí polyurethane, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: inki kò rí ibi wọ̀, ó kàn jókòó sókè ni, nínù díẹ̀ sì lè mú un kúrò. Kí ẹ lè mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi máákà fa ìlà sórí gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan, kí ẹ wá fi àkísà tó ní sípírítì díẹ̀ nù ún. Bó bá rẹ́, inki ọtí ni, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ nu ṣẹ́lákì lé e lórí. Bí ẹ ṣe máa yẹra fún ìyẹn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ yẹ abẹ́ igi wò pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké tí lẹ́búlẹ́bú igi ń dà jáde láti inú wọn, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó fi ìda dí irú ihò bẹ́ẹ̀ láì kọ́kọ́ pa kòkòrò yóò tún padà rí ihò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún yẹra fún igi tí wọ́n ti fi òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà pa nítorí ìkán. Kò sí pólíìṣì kankan tó ń gbẹ dáadáa lójú rẹ̀.

Àwọ̀ máákà àti igi tiwa

Igi òyìnbó ni wọ́n kọ sára máákà: oak, maple, cherry, walnut, mahogany, àti dúdú. Méjì tó kù sábà máa ń jẹ́ funfun àti eérú, àwọn kan sì fi beech rọ́pò ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá ní kọ́bọ́ọ̀dù ìrókò tàbí tábìlì ọ̀gànwó kò gbọdọ̀ gbára lé orúkọ yẹn. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń pọ́n bí ìyeyè, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ á máa sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Tó bá ti dàgbà, àárín oak àti walnut ló wà. Ọ̀gànwó náà ń ṣú sí i. Máákà tí wọ́n kọ mahogany sí lára sì máa ń pupa jù ú lọ, a fi kí ẹ fi walnut pa iná rẹ̀. Àpá ni ti mahogany máa ń sún mọ́ jù lọ, ìyẹn igi àpá o, kì í ṣe àpá tí à ń tún ṣe. Òpèpè ń fẹ́ oak tí ẹ fi cherry kín lẹ́yìn díẹ̀. Arère àti àfàrà fẹ́ maple, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn àga tí wọ́n fi ṣe wọ̀nyí ni wọ́n ti pa láró kí wọ́n tó fọ́n lákà sí i, nítorí náà àwọ̀ aró yẹn ni ẹ ó máa wá, kì í ṣe àwọ̀ igi.

Lóòótọ́, orúkọ kan náà lára páálí méjì lè jẹ́ àwọ̀ méjì. Ẹ dán gbogbo máákà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò lórí pátákó tí ẹ ti kùn ní ṣẹ́lákì, ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tọ́jú pátákó yẹn sínú páálí. Ẹ má dán an wò lórí bébà: bébà ń fa inki mu ju igi tó ti ní pólíìṣì lọ, yóò sì tàn yín.

Aṣiṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi ẹnu máákà kan igi tààrà bí àpá náà kò bá tinrín. Ó ń kán inki sórí ìdérí ìgò, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán nọ́ńbà 0 tàbí 1 mú un. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fa ẹnu máákà sínú ibi tó ha ni pé igi tó ṣí sílẹ̀ yóò fa inki mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, etí àpá á dúdú ju àárín rẹ̀ lọ, ìlà funfun tí ẹ fẹ́ bò á sì di ìlà dúdú. Ìlà dúdú hàn ju funfun lọ lórí ìrókò. Orí igi tí wọ́n gé ní ìdábùú, bí igun tábìlì, ló ń fa mu jù. Ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi ṣẹ́lákì tó ṣàn kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ fún wákàtí kan, ká tó fi àwọ̀ kàn án. Kí àwọ̀ àkọ́kọ́ sì fúyẹ́ ju ohun tí ẹ lérò lọ. A lè fi kún àwọ̀ tó fúyẹ́. Èyí tó bá ti ṣú, ó di kí a tún họ ọ́.

Ẹ máa wo iṣẹ́ yín lójú ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ tún wò ó lábẹ́ gílóòbù iyàrá tí àga náà máa wà. Àwọ̀ tó bára mu lójú oòrùn lè yapa lábẹ́ gílóòbù LED. Ẹ lọ sí ìdí kejì tábìlì pẹ̀lú, nítorí ìlà ara igi a máa yí àwọ̀ padà bí ẹ bá ti yí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti ń wò ó padà.

Ìdíwọ̀n máákà wá nìyí: fún etí tábìlì tó ti ń bó, ẹsẹ̀ àga tí ìgbálẹ̀ àti bàtà ti ha, àti ìlà tín-ín-rín tí kò wọ inú igi, ó dára gan-an ni, ó sì yára. Fún àárín tábìlì, kò tó. Fún ohun tó wà lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, inki púpọ̀ nínú wọn á ṣí, ibi àtúnṣe á sì máa hàn díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni páúdà àwọ̀ ti borí: red oxide, yellow oxide àti black oxide tí àwọn tó ń ṣe ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì ń rà kì í ṣí lójú oòrùn. Ẹ sẹ́ ẹ nínú aṣọ tó fẹ́lẹ́, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ bu díẹ̀ sínú ṣẹ́lákì ṣíbí ìtíì kan, kí ẹ pò ó. Pupa àti dúdú pọ̀ di àwọ̀ ilẹ̀. Ìyeyè ń mú un sún mọ́ ìrókò. Ìwọ̀nba mẹ́ta yìí ń ṣe púpọ̀ nínú ohun tí máákà mẹ́jọ ń ṣe.

Ìda

Ọ̀pá ìda inú ṣẹ́ẹ̀tì yìí rọ̀. Ó dára fún ihò ìṣó, ibi tí etí ìkòkò ti kán díẹ̀ kúrò, àti ìpàdé igi méjì tó ṣí lára fírémù. Ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò títí yóò fi kún, kí ẹ fi etí káàdì ìbánisọ̀rọ̀ àtijọ́ tàbí káàdì báńkì tó ti kú gbá èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Ẹ gbá a ní ìdábùú ìlà ara igi. Tí ẹ bá gbá a tẹ̀lé ìlà, káàdì á tún wú ìda jáde. Àkísà gbígbẹ ni ẹ fi ń parí rẹ̀. Bí àwọ̀ kan kò bá bá a mu, ẹ gé díẹ̀ lára méjì, ẹ fi ìka pò wọ́n; ooru ọwọ́ tó láti mú wọn rọ̀.

Ooru yẹn gan-an sì ni àléébù rẹ̀. Nínú iyàrá tó móoru, níbi tí apá máa ń kàn lójoojúmọ́, lójú tábìlì tí wọ́n ń gbé ife tíì lé, ìda rírọ̀ kò ní dúró. Á rọ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì jìn wọnú. Ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ kì í dé. Fún ojú tábìlì, ìda líle ni ẹ máa wá, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ König ń tà pẹ̀lú irin kékeré onibátìrì tí a fi ń yọ́ ọ. Ẹ ó yọ́ ọ sínú ihò, yóò ga ju ojú igi lọ díẹ̀, ẹ ó sì gbá a tẹ́jú nígbà tó bá tutù. Ó wọ́n ju ṣẹ́ẹ̀tì yìí lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, ẹni tí tábìlì kan ṣoṣo bá wà nílé rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ṣẹ́lákì tó nípọn á ṣe iṣẹ́ náà fún un.

Ohun tí páálí kò sọ fún yín ni pé ìda ló ń kẹ́yìn. Kò sí pólíìṣì tó ń lẹ̀ dáadáa lórí ìda. Tí ẹ bá ti fi ìda dí ihò, tí ẹ wá ń kùn fánìṣì lé e, ojú ibẹ̀ á máa sá fún fánìṣì, á sì bó láìpẹ́. Ẹ parí gbogbo kíkùn, kí ó gbẹ, kí ẹ tó fa ìda yọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kan Kiwi tí wọ́n fi ń pa bàtà, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń fi bo àpá ara igi. Ó máa ń bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìda ni, aró sì wà nínú rẹ̀. Káfíńtà tó bá fẹ́ tún àga náà ṣe lọ́jọ́ iwájú á kọ́kọ́ fi tọpentáìnì fọ̀ ọ́ léraléra kó tó lè fi ohunkóhun kàn án.

Ṣẹ́lákì, ohun tí páálí kò ní

Kòkòrò kékeré kan ní Íńdíà àti Tàílàńdì ló ń ṣe ṣẹ́lákì jáde lára ẹ̀ka igi. Wọ́n á họ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì fà á títí á fi fẹ́lẹ́ tí á sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ìpẹ́ yẹn ni ẹ máa rà. Èyí tó pọ́n bí ọsàn dára fún ìrókò, ọ̀gànwó àti àpá, nítorí òun náà ń fi àwọ̀ kún un. Èyí tó mọ́ tí wọ́n ń pè ní blonde wà fún igi tó funfun. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti fi polyurethane bò ó lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n ti yọ ìda inú rẹ̀ kúrò ni kí ẹ béèrè, wọ́n ń kọ dewaxed sí i lára.

Ẹ wo inú ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Kí ìpẹ́ náà máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá ti lẹ̀ pọ̀ di ògúlùtu, ooru ti mú un, ó sì lè má yọ́ mọ́. Ẹ fi ṣíbí ìtíì kan dán an wò nínú sípírítì díẹ̀: bó bá di ọ̀rẹ̀rẹ̀ bí ọjọ́ kejì ti mọ́, tí kò tú tán, ẹ dá a padà.

Sípírítì náà ní tirẹ̀. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún egbò lè jẹ́ ìdá 70 nínú 100, èyí tó kù sì jẹ́ omi. Ìyẹn kò lè tú ṣẹ́lákì bó ti yẹ, ojú igi á sì fun. Ẹ ka ara ìgò, kí ó má rẹlẹ̀ ju ìdá 95 lọ. Sanitáísà ọwọ́ kò wúlò rárá. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè lo methylated spirit aláwọ̀ àlùkò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ kì í hàn lára igi tó ṣú, ṣùgbọ́n fún igi funfun, kó béèrè èyí tó mọ́ kedere.

Ẹ pò oríṣi méjì. Gíráàmù 25 nínú mìlílítà 200 sípírítì ni èyí tó ṣàn, òun ni ẹ fi ń kùn nílẹ̀ tí ẹ sì fi ń nu pólíìṣì lé ojú igi. Gíráàmù 50 nínú mìlílítà 200 ni èyí tó nípọn, òun la fi ń dí àpá. Inú ìgò tàbí ike ni kí ẹ ti pò ó, kì í ṣe inú agolo, nítorí irin máa ń mú un dúdú. Ẹ máa mì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sí i lára, nítorí ṣẹ́lákì tó ti yọ́ ń bàjẹ́ nínú ìgò: ọtí àti ṣẹ́lákì á máa darapọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí kò ní le mọ́. Èyí tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, ẹ kán an sórí gíláàsì. Bí èékánná bá ṣì ń tẹ̀ ẹ́ wọnú lọ́jọ́ kejì, ẹ dà á nù. Iná kò gbọdọ̀ sí nítòsí nígbà tí ẹ bá ń ṣe gbogbo èyí, àti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè ra èyí tí Zinsser ti pò sílẹ̀. SealCoat wọn kò ní ìda nínú, kò sì nípọn jù. Bulls Eye tó mọ́ nípọn jù ú lọ, ó sì ní ìda. Ẹ fi sípírítì là á kí ẹ tó fi nu ojú igi.

Láti dí ibi tó ha wọnú, ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kán ṣẹ́lákì nípọn sínú rẹ̀, kí ẹ má fà á. Yóò gbẹ, yóò sì jìn, nítorí ọtí tó jáde ló gba àyè. Ẹ tún kán òmíràn lẹ́yìn wákàtí méjì. Àárín ìpele kan sí òmíràn ni ibi tí àwọ̀ ń wọ̀: inki máákà tàbí páúdà, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, tí ẹ fi ń fa ìlà ara igi kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bí ẹ kò bá fa ìlà yẹn, ibẹ̀ á dà bí ẹni pé wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, bó ti wù kí àwọ̀ náà dára tó. Ẹ máa kán an títí yóò fi ga ju ojú igi lọ bíńtín, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò bá ń rọ̀.

Títẹ́ ẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á mú sáńpépà 120 tí káfíńtà fi ń gé igi, wọ́n á sì họ pólíìṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ju àpá tí wọ́n ń tún ṣe lọ. Sáńpépà 400 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 600. Ẹ lẹ tépù mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpá méjèèjì kí ojú igi tó dára má bàa fara gbá a, ẹ wé sáńpépà mọ́ igi kékeré tó tẹ́jú, ẹ kán òróró ọmọdé ẹyọ kan sí i, kí ẹ máa nù ún jẹ́jẹ́. Kànìnkànìn irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò kò lè rọ́pò irun irin 0000, èyí tó fẹ́lẹ́ gan-an. Ó le jù, yóò ha gbogbo rẹ̀.

Ẹ nu òróró kúrò pátápátá kí ẹ tó fi ìdì òwú parí rẹ̀. Ẹ ká òwú sínú aṣọ kọ́tìnù funfun tó ti gbó, tí kì í yọ irun, ẹ bu ṣẹ́lákì tó ṣàn sí òwú inú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà kó lè ku ọ̀rinrin díẹ̀ péré. Ẹ máa fi kàn án bí ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀: ó ń rìn kó tó kàn án, ó sì ṣì ń rìn nígbà tó ń kúrò. Ìdì òwú tó bá dúró lójú kan, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á lẹ̀, á sì fa ohun tó wà nílẹ̀ ya. Bó bá ti ń fà, ẹ fi ìka ra òróró ọmọdé kín-ín-kín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wákàtí kan.

Ibí yìí ni inki ọtí ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Sípírítì inú ìdì òwú á tú máákà tí ẹ ti fara balẹ̀ fà, gbogbo rẹ̀ á sì rẹ́. Ẹ fọ́n ṣẹ́lákì tàbí lákà inú agolo lé àwọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kó fẹ́lẹ́ bí ìrì, kí ẹ dúró di wákàtí méjì kí ìdì òwú tó kàn án. Páúdà àwọ̀ tí ẹ pò mọ́ ṣẹ́lákì náà fẹ́ irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè sá bí inki.

Bí ojú ibẹ̀ bá fun bí ẹ ti ń ṣe é, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́. Ó wọ́pọ̀ nígbà òjò. Ẹ dúró di ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí ẹ fi ìdì òwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní sípírítì rárá ré e kọjá kíákíá. Ìgbà ọyẹ́ ni àsìkò tó dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá ti lè dènà eruku.

Ìdí mìíràn tí ṣẹ́lákì fi bá ìrókò mu: ara ìrókò ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí fánìṣì olóròóró tètè gbẹ, ó sì lè máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ṣẹ́lákì kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọtí inú rẹ̀ ló kàn ń fẹ́ lọ. Àléébù tirẹ̀ ni ooru àti ọtí. Ìkòkò gbígbóná á fi àmì sí i, ògógóró tó bá dà sí i á bó o. Tábìlì ìjẹun fẹ́ kí ẹ fi polyurethane bo ṣẹ́lákì tí kò ní ìda.

Àpá tí ṣẹ́ẹ̀tì yìí kò lè kàn rárá

Àmì funfun roboto tí ife tútù fi sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ọ̀rinrin ló há sínú pólíìṣì. Ìdì òwú kan náà tó ní sípírítì kín-ín-kín ló ń yọ ọ́ bó bá jẹ́ ṣẹ́lákì. Bí kò bá lọ, ẹ fi eérú igi tí ẹ ti jọ̀ dáadáa pẹ̀lú òróró ọmọdé fi ìka nù ún tẹ̀lé ìlà igi. Ẹni tó fi máákà bo àmì funfun kàn ń kun orí rẹ̀ ni, funfun náà á ṣì máa hàn lábẹ́.

Àmì dúdú yàtọ̀ sí i: omi ti wọ igi, ó sì ti pàdé irin níbẹ̀. Kò sí pólíìṣì tó lè yọ ọ́. Ẹ ó bó ojú igi náà, ẹ ó tú oxalic acid gíráàmù 100 sínú lítà omi gbígbóná kan, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún dé gbogbo ojú pátákó yẹn, kì í ṣe orí àmì nìkan, kí ó má bàa ní ibi funfun. Tó bá gbẹ, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Májèlé ni: ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ṣe dandan, ẹ má sì fi sáńpépà kàn án kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nítorí eruku rẹ̀ ń pa ọ̀fun àti imú lára.

Ibi tó jìn wọnú nítorí pé nǹkan já lù ú, tí okùn ara igi kò sì gé, kò nílò ìda. Àkísà tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná á gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ooru àti omi yẹn á ba ṣẹ́lákì jẹ́, nítorí náà ibi tí ẹ ti bó pólíìṣì kúrò nìkan ni kí ẹ ti ṣe é.

Restor-A-Finish ti Howard, oògùn olómi tí a fi ń nu ojú àga, tí àwọn ènìyàn ń fi wé ṣẹ́ẹ̀tì yìí, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Ó dára fún gbogbo ojú àga tó kàn ti kú, tí ìlà tín-ín-rín pọ̀ lára rẹ̀. Kì í dí nǹkan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ojú tí polyurethane bá bò. Ó ń fi òróró sílẹ̀, torí náà ẹ parí iṣẹ́ ṣẹ́lákì kí ẹ tó lò ó.

Tí ẹ bá wá fẹ́ rà á: ẹ yan páálí tó fi àwòrán gbogbo àwọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ hàn lórí igi, kì í ṣe orí bébà. Ẹ ṣí máákà kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó ń tà á bó bá ṣeé ṣe, nítorí èyí tó ti gbẹ pọ̀. Nílé, ẹ tò wọ́n sùn sílẹ̀, ẹ má gbé wọn dúró, kí ẹ sì fi ìda sí ibi tí oòrùn kò dé. Nínú mẹ́jọ, walnut, oak àti dúdú ni yóò kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ ẹni tó ní igi tiwa nílé. Funfun àti eérú ò ní kúrò nínú páálí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta máákà walnut àti oak lẹ́yọ lẹ́yọ, ìyẹn sàn ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ, kí owó tó kù wọ ọ̀rá ṣẹ́lákì.